Ilé Iṣẹ́ Tàbí Ilé Ìṣẹ́? Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Crumpsall

Bí àìsàn òjijì bá kọlu ẹnikẹ́ni nínú wa ní Newton Heath lóru, Crumpsall ni ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn sábà máa ń gbà lọ. North Manchester General Hospital ni orúkọ tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà Gẹ̀ẹ́sì tí a bí sí àdúgbò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pè é. Crumpsall ni tiwọn. Àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ gbèsè ìdílé níwájú àlejò. Àwa tí a wá láti òkèèrè kò tètè mọ ìdí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a bá níbẹ̀, àwọn ìyá wa àti àwọn arábìnrin wa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, a bímọ níbẹ̀, a dúpẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò kọ́kọ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà nítorí àìsàn. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láàrin ọdún 1855 sí 1857, òtòṣì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bí a bá sì fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ibi tí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí, ibi tí wọ́n mọ ògiri gba, iye ènìyàn tí ó lè rí ara wọn láti inú yàrá kan sí èkejì, a ó mọ ohun tí àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ń rò nípa ẹni tí kò ní. Ẹni tí ó kọ́lé lè purọ́ nínú ìwé tí ó kọ, ṣùgbọ́n ògiri kì í bá a purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti orúkọ. Workhouse ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú u ní ṣókí, ilé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í lọ síbẹ̀, àwọn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Èdè wa ṣe wá lóore níhìn-ín, nítorí pé ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya iṣẹ́ kúrò lára ìṣẹ́. Nítorí náà ilé ìṣẹ́ ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí, kí ẹ̀yin òbí sì ràn wá lọ́wọ́ láti pe ohùn náà dáadáa fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má baà rò pé ọ́fíìsì ni a ń sọ.

Kí ó tó di ọdún 1834, ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ń tọ́jú àwọn òtòṣì tirẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa lè gba owó díẹ̀ tàbí búrẹ́dì nínú ilé ara rẹ̀. Owó náà ń ti ọwọ́ àwọn onílé wá, owó náà sì ń ga sí i. Ní ọdún 1834 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun. Àwa tí a ń fi ìṣirò owó jẹun mọ irú àwọn tí wọ́n jókòó ṣe òfin náà bí ẹni mọ owó: àwọn tí wọ́n wo ìnáwó, tí wọn kò wo ojú ẹni tí wọ́n ń náwó lé lórí. Wọ́n ní kí àwọn àdúgbò para pọ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, Union ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ alábòójútó, kí wọ́n sì kọ́ ilé ńlá kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí ó wọlé. Wọ́n wá fi ìlànà kan lé e: ìgbé ayé inú ilé náà gbọ́dọ̀ burú ju ti alágbàṣe tí ó tòṣì jùlọ ní ìta, kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni láti wá. Ìyẹn ni pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni òfin. Bí ilé bá dára jù, òfin ti bàjẹ́.

Ní ọdún 1835, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán ilé kan, Sampson Kempthorne, ya àwòṣe fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ọ̀kan rí bí àgbélébùú, ọ̀kan ní igun mẹ́fà. Nínú méjèèjì, ọ̀gá ilé ni ó wà ní àárín gbùngbùn, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo àgbàlá, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti jókòó ó lè rí gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbàlá náà kò rí ara wọn.

Ilé ìṣẹ́ àtijọ́ ti Manchester wà ní New Bridge Street, nítòsí ibi tí ibùdókọ̀ ojú irin Victoria wà lónìí. Láti nǹkan bí ọdún 1793 ni ó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé òwú ń pọ̀ sí i, tí ènìyàn ń ya wọ ìlú láti oko àti láti Ireland, ibẹ̀ kún àkúnya. Ìgbìmọ̀ ra ilẹ̀ ní Crumpsall, lórí òkè, níbi tí oko ṣì wà nígbà náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ayàwòrán ilé méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Mills àti Murgatroyd. Ènìyàn 1,660 ni wọ́n yà á fún. Ẹ fi ojú inú wo ó: ilé kan ṣoṣo, ìlú odidi.

Mills àti Murgatroyd yìí kan náà ni wọ́n kọ́ Royal Exchange ní àárín ìlú láàrin ọdún 1867 sí 1874, ibi tí àwọn oníṣòwò òwú ti ń nájà, tí wọ́n sọ di ilé eré orí ìtàgé ní ọdún 1976. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá níbẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ ra ọjà ní Market Street. Ọwọ́ kan náà tí ó kọ́ gbọ̀ngàn fún àwọn tí òwú sọ di ọlọ́rọ̀ ni ó kọ́ ilé fún àwọn tí òwú jẹ tán, tí ó sì tu ègé wọn dànù. Ní ti Exchange, wọ́n gbé òpó ńlá dúró, wọ́n fi dígí bo òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ní ti Crumpsall, bíríkì ni.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọ ilé ìṣẹ́? Ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà, adènà sì wà níbẹ̀. Yàrá ìgbàwọlé ni ìdúró àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba aṣọ ọrùn ẹni, tí wọ́n ń wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń fún un ní aṣọ ilé ìṣẹ́, tí gbogbo wọn sì jọ ara wọn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń béèrè pé: ọmọ ibo ni ọ́? Òfin sọ pé àdúgbò tí ó ni ọ́ ni kí ó bọ́ ọ, bí ìwọ kì í bá ṣe tiwọn, wọ́n lè dá ọ padà síbi tí o ti wá. Ní àwọn ọdún ìyàn ńlá ti Ireland, lẹ́yìn 1845, ọ̀pọ̀ ọmọ Ireland tí wọ́n wá tọrọ oúnjẹ ní ẹkùn Lancashire ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí a kọ ọ́ sínú àṣẹ ìwọ̀lú wọn pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, yóò mọ ìbéèrè náà bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ìlú yìí.

Lẹ́yìn yàrá ìgbàwọlé ni ìdílé ti ń pínyà. Ọkùnrin lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin sí èkejì. Wọ́n tún ya arúgbó kúrò lára ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́, wọ́n ya ọmọdé kúrò lára àgbà, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àgbàlá tirẹ̀ àti ògiri tirẹ̀. Ní ti Manchester, ọ̀pọ̀ ọmọdé kò tilẹ̀ sí nínú ọgbà kan náà, ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ni ìgbìmọ̀ kọ́ fún wọn ní Swinton, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú Crumpsall. Tọkọtaya tí wọ́n ti gbé pọ̀ fún ogójì ọdún yóò máa jẹun nínú ilé kan náà láìrí ara wọn. Ní ọdún 1847 ni òfin gbà pé kí àwọn tí wọ́n bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè béèrè pé kí wọ́n má ṣe ya wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni òfin lè ṣe níbi tí kò sí yàrá fún ẹni méjì? Ilé ni ó ń pinnu.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí, kí a wo agbo ilé tiwa. Òun náà ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Òun náà ní àgbàlá láàrin. Òun náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, bí Crumpsall ti ní in. Bí ènìyàn bá ya àwòrán méjèèjì sórí bébà láìkọ orúkọ sí i, ẹ̀yà ara kan náà ni yóò rí. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa kọjú sí àgbàlá, ibẹ̀ ni a ti ń jókòó, tí a ti ń jẹun, tí a ti ń yanjú ìjà, tí a ti ń fi ojú ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Yàrá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé ìta ni a ń gbé, oorun ni a ń wọlé lọ sùn. Àgbà tí kò lè rìn mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò gbé ẹní rẹ̀ sí, ẹni tí ń wọlé yóò kí i, ẹni tí ń jáde yóò kí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti Crumpsall, ìrìn ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe ìjókòó. Ó ń gba ènìyàn kọjá láti ibi tí wọ́n ní kí ó wà sí ibòmíràn tí wọ́n ní kí ó lọ.

Kí a má sì wá máa yọ ṣùtì sí wọn. Àwa náà ní ọ̀nà tí a ń gbà bá ẹni tí kò ní lò, ìwọ̀fà ni. Ẹni tí ó jẹ gbèsè yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ yẹn, èlé owó nìkan ni ó ń san. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín ní kọ́bọ̀. Bí a bá gbé ìwé ìṣirò náà lé wa lọ́wọ́ lónìí, a ó sọ pé a kì í san irú gbèsè yẹn tán. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà tí ó jẹ́ àgbàlagbà a sábà máa padà sílé sùn, ó sì ní ọjọ́ tí ó lè lọ sí oko ara rẹ̀.

Manchester àti ilẹ̀ wa kò jìnnà síra wọn nígbà náà bí ẹ ti rò. Ní àwọn ọdún kan náà tí wọ́n ń mọ bíríkì Crumpsall, oníṣòwò kan ní Manchester, Thomas Clegg, ń bá àwọn òyìnbó oníwàásù ṣiṣẹ́ láti mú kí òwú Ẹ̀gbá dé Lancashire. Ọ̀dọ́mọkùnrin Sàró kan, Henry Robbin, wá sí Manchester láti kọ́ bí a ti ń ṣa èso òwú kúrò àti bí a ti ń dì í fún ọkọ̀, ó sì padà lọ ṣe àbójútó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó lè jẹ́ òun ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àkọ́kọ́ ní ìlú yìí. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, tí òwú wọn kò lè kọjá mọ́, àwọn ilé òwú Lancashire ti ilẹ̀kùn, ebi dé. Àwọn tí wọn kò ní oúnjẹ pọ̀ débi pé kò sí ilé ìṣẹ́ tí ó lè gbà wọ́n, ìgbìmọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó fún ènìyàn nínú ilé wọn, èyí tí òfin 1834 ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ní ti Newton Heath gan-an, kì í ṣe ilé ìṣẹ́ Manchester ni ó wà fún àwọn òtòṣì ibẹ̀. Láti ọdún 1850, Newton wà lábẹ́ Union ti Prestwich, pẹ̀lú Moston, Blackley, Harpurhey àti àwọn mìíràn. Àwọn yẹn náà kọ́ tiwọn sí Crumpsall láàrin ọdún 1866 sí 1870, ní Delaunays Road, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ti Manchester. Ilé ìṣẹ́ méjì lórí òkè kan! Orúkọ òpópónà náà fúnra rẹ̀, orúkọ àlejò ni: ìdílé aláró kan tí ó wá láti ilẹ̀ Faransé ni Delaunay. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Newton Heath dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn sílẹ̀ ní 1878, èyí tí ó di Manchester United ní 1902, Delaunays Road ni ẹni tí ó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì ní ará, ń bẹ̀rù láti parí ayé rẹ̀ sí.

Ẹni tí ó ya ilé ti Prestwich ni Thomas Worthington, ọ̀rọ̀ sì yí padà pẹ̀lú ọkùnrin yìí. Ohun tí àwọn tí wọ́n ṣe òfin 1834 kò ṣírò ni pé ẹni tí ó ń wọ ilé ìṣẹ́ jùlọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, àwọn aboyún tí kò lọ́kọ, àwọn tí orí wọn dàrú ni. Ilé tí wọ́n kọ́ láti lé ènìyàn sẹ́nu iṣẹ́ wá kún fún àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ìgbìmọ̀ wá ní láti kọ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn mọ́ ọn.

Ní ọdún 1859 ni Florence Nightingale tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ ilé ìwòsàn. Ó ní kí a má ṣe kó aláìsàn jọ sínú ilé ràgàjì kan. Kí a kọ́ wọ́ọ̀dù gígùn, tí ó dá dúró, tí àyè fẹ̀ láàrin òun àti èkejì, kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n kọjú síra wọn, kí ibùsùn wà láàrin fèrèsé àti fèrèsé, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kí òórùn má baà padà wọlé. Worthington gba ẹ̀kọ́ náà. Ilé aláìsàn tí ó kọ́ sí ilé ìṣẹ́ Chorlton ní Withington, ní gúúsù Manchester, láàrin 1864 sí 1866, ní ẹ̀ka márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gba ènìyàn 32, tí ó jẹ́ 480 lápapọ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ni àlàfo láàrin ẹ̀ka kan àti èkejì. Nightingale fúnra rẹ̀ yìn ín. Ní Crumpsall pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé aláìsàn ti Manchester láàrin ọdún 1870 sí 1880, irú ìlànà yìí ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò tọ́. Wọ́n gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni ó ń bí àrùn, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kò tíì di mímọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fèrèsé wọn tọ́. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, kí ni ìjọba ń sọ fún wa bí kò ṣe pé kí a ṣí fèrèsé?

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ wọ́ọ̀dù yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba àti ti àwọn ìjọ àtijọ́ nílé, wọ́ọ̀dù gígùn pẹ̀lú ibùsùn lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé ńlá, tábìlì nọ́ọ̀sì níbi tí ó ti lè rí gbogbo ènìyàn, ibi tí a ti ń wọlé tí a ó sì máa kí aláìsàn gbogbo títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ìlànà kan náà ni, oòrùn ló mú kí wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí àwọn ìyá wa dé ìlú yìí tí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù Crumpsall, ojú wọn kò ṣàjèjì sí i.

Ìyàtọ̀ kò yára dé inú ilé ìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yan Emmeline Pankhurst sí ìgbìmọ̀ Chorlton ní 1894, obìnrin yìí tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ìjà ẹ̀tọ́ ìdìbò, ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun bá àwọn ọmọdébìnrin ọdún méje, mẹ́jọ, lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń fọ òkúta tútù ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Àwọn arúgbó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì. Àga tí ó ní ẹ̀yìn wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ó jà fún. A kò rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí ó bá ṣe àga láìní ẹ̀yìn fún arúgbó ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ yí. Láti ọdún 1904, ìjọba gbà pé kí a má ṣe kọ ilé ìṣẹ́ sínú ìwé ìbí ọmọ mọ́, kí a kọ orúkọ òpópónà, kí ìtìjú má baà bá ọmọ náà dàgbà. Ní 1915 àwọn Union mẹ́ta ìlú yìí para pọ̀ di ọ̀kan. Ní 1930 ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìlú Manchester. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1948 ètò ìlera ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òfin òtòṣì sì kú pátápátá. Láàrin 1970 sí 1980, Crumpsall, Springfield àti Delaunays di ilé ìwòsàn kan ṣoṣo.

Ògiri kò gbọ́ pé òfin ti kú. Àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé àwọn lọ sí irú ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọn pẹ̀lú kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó inú ilé ìṣẹ́ àtijọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa àti ti Karíbíánì tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn 1948 sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ó kéré sí èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Àwọn tí ìlú yìí kò fẹ́ rí mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́ nínú agbo ilé ń pe arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò ní Màmá, ní inú ilé tí wọ́n kọ́ kí ẹnì kan má baà jẹ́ ìyá ẹnì kejì.

Àwọn ilé náà ń lọ. Booth Hall ní Blackley, tí ìgbìmọ̀ Prestwich kọ́ fún aláìsàn, tí ó wá di ilé ìwòsàn ọmọdé, ti ilẹ̀kùn ní 2009. Withington ti kógbá wọlé ní 2002. Ní Crumpsall, wọ́n ti wó apá kan, ìjọba sì ti fi ilé ìwòsàn náà sínú ètò àwọn tí wọn yóò tún kọ́. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí bíríkì, aláìsàn tí òjò ń jò sí lórí kò nílò ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ṣiṣẹ́ ní Crumpsall, Springfield tàbí Delaunays, bí ẹ bá ní àwòrán tí ẹ yà nínú wọ́ọ̀dù tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa kí a lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù àti ọdún náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó mú un wá.